Ọ̀bẹ Keje Tí Wọ́n Fẹ́ Sin Láàyè

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìsinmi, èyíkéyìí tó bá bá yín mu. Èmi Mitsuyo ni, èmi tí mò ń po tíì, tí mò ń gbálẹ̀ nílé iṣẹ́ ọ̀bẹ Ọ̀gá Horibe ní Seki níbí, ìlú àwọn ọlọ́bẹ ní Japan. Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa ná, ẹ̀yìn ń dùn mí. Òfófó tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti ọkọ ta ló fẹ́ ta. Ti ọ̀bẹ ni. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní, "ọ̀bẹ kẹ̀?" Ẹ ṣáà gbọ́ ọ tán. Ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, ó mú àgbàlagbà dojú bolẹ̀, ẹnu tèmi yìí náà ò sì gbẹ́yìn níbẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà nílé iṣẹ́ wa, Sayoko lorúkọ ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ará Nagoya ni, ìmọ̀ irin ló kà níwèé. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń da irin pọ̀ mọ́ irin bí ẹni ń se ọbẹ̀ tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Á bu èyí díẹ̀ sí i, á yọ tọ̀hún díẹ̀ kúrò. Ó ní òun ń wá irin àdàlù tí kò ní í dípẹtà, tí ẹnu ẹ̀ ò sì ní í tètè kú. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ẹ̀. Kì í tẹrí ba kí èèyàn dáadáa, kì í rẹ́rìn-ín sí ẹ̀fẹ̀, tó bá rí àṣìṣe ẹ, á sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn. Ẹni kan ṣoṣo tó ń kí i tọ̀yàyà-tọ̀yàyà láràárọ̀ ni Bàbá Kihachi, àgbà tó ń pọ́n ọ̀bẹ fún wa, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Gbogbo àdúgbò ló fẹ́ràn Bàbá. Ànàmọ́ sísun ló máa ń mú wá fún mi tí òtútù bá bẹ̀rẹ̀.

Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ irin tó dára jù. Ogún ọ̀bẹ ni wọ́n gé, gbogbo wọn jọra bí ìbejì, irin tó wà nínú wọn ló yàtọ̀. Wọ́n lu nọ́ńbà sí ìdí ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n tì wọ́n mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ti Sayoko ni keje. Àwọn yòókù tó fi irin ẹ̀ ṣe, wọ́n ti tẹ̀ wọ́n, wọ́n ti ṣẹ́ wọn wò. Ẹyọ kan yìí ló kù láyé. Ẹ̀rọ kan wà tó máa ń ti ìdì bébà kọ lu ẹnu ọ̀bẹ, á máa gé, á máa kà á. Ọ̀bẹ tó dára jù tí a tíì ní, ìgbà irinwó ó lé díẹ̀ ló gé kó tó ṣíwọ́.

Lọ́jọ́ Túsìdé, àwọn àgbà ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọ̀bẹ pé jọ. Wọ́n gbé ọ̀bẹ keje sórí ẹ̀rọ. Ó gé ogójì, ó kú fin-ín.

Ẹ wo ẹ̀rín! Dobashi tó ń ṣọ́ iléru wa ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Àǹtí Yunifásítì, ṣé tófù tó rọ̀ bíi wàrà lẹ fi rọ tiyín ni?"

Sayoko gbé ọ̀bẹ náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ojú ẹ̀ funfun. "Kì í ṣe ọ̀bẹ mi nìyí."

Òun fúnra ẹ̀ ló pe ọlọ́pàá. Ẹ gbọ́ o, òṣìṣẹ́ tó fi ọlọ́pàá mú ilé iṣẹ́ ara ẹ̀! Látọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń dá ìkíni ẹ̀ lóhùn mọ́ àfi Bàbá Kihachi. Èmi náà, mi ò ní í purọ́, mo máa ń gbé tíì ẹ̀ kalẹ̀ gbàà láìwo ojú ẹ̀. Àwọn àgbà sì ti ní, tó bá di Fúráìdè, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn máa fọwọ́ sí èsì. Tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, wọn ò ní í yọ́ irin yẹn mọ́ láéláé, Sayoko á sì kẹ́rù ẹ̀ kúrò ní Seki.

Àárọ̀ Fúráìdè gan-an ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó dé. Kajiura lorúkọ ẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ó ti lé láàádọ́ta ọdún, ọ̀fìnkìn ń bá a jà, orúnkún kan ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ bíbí Seki ni, bàbá ẹ̀ pọ́n ọ̀bẹ títí tó fi kú.

"Ọ̀bẹ ìdáná lẹ pè mí fún?" Kò kí ẹnikẹ́ni. "Ẹjọ́ ọkọ̀ mẹ́rin tí wọ́n jí wà lórí tábìlì mi."

Ọ̀gá Horibe tẹrí ba. "Ẹ má bínú, Ọ̀gá Ọlọ́pàá. Àwa kọ́ la pè yín. Irin ọmọ yìí ni kò dáa, ojú wá ń tì í, ló bá ń pariwo olè."

"Kì í ṣe ọ̀bẹ mi," Sayoko wí.

"A ti gbọ́! Ta lẹlẹ́rìí ẹ?"

Kajiura ò dá sí wọn. Àwo èso kaki tí mo gbé síbẹ̀ ló ń wò. "Mitsuyo, àbí kí lo ní o ń jẹ́? Kaki yìí, ṣé ó ti dùn?"

"Rárá mà, ó ṣì ń fa èèyàn lẹ́nu. Mo ní kó rọ̀ díẹ̀ sí i ni."

"Èyí tó ń fa ẹnu gan-an ni mo fẹ́."

Ó mú ọ̀bẹ tó wà lórí ẹ̀rọ, ó la kaki sí méjì, ó gbé e kalẹ̀. Ó sín lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu tíì. Ọ̀gá Horibe ń wo aago. Kó tó mu tíì yẹn dé ìdajì, ibi tó gé lára kaki ti dúdú bí ẹni da yíǹkì sí i.

"Ìwọ ọmọ yìí, irin tìẹ, kí ló máa ń ṣe sí kaki?"

"Kì í ṣe nǹkan kan sí i," Sayoko dáhùn. "Mo ti gé e jẹ rí lọ́pọ̀ ìgbà."

"Irin lásán ló ń sọ kaki di dúdú. Gbogbo ìyá tó ti gbé ọ̀bẹ àtijọ́ dání ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Odindi ẹgbẹ́ àgbà oníṣẹ́ ọ̀bẹ, ọjọ́ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó rántí gé èso kan wò?" Ó fi aṣọ nu imú. "Ayédèrú rèé. Ọmọ yìí ò purọ́."

Ṣé ẹ rò pé Ọ̀gá Horibe tọrọ àforíjì? Ó fò dìde! "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé òun ló tà á! Ó ti gbé ojúlówó fún àwọn ọlọ́bẹ ìlú míì, ó fi àlòkù rọ́pò ẹ̀!"

"Kí n wá fi ọwọ́ ara mi pe ọlọ́pàá?" Sayoko bi í.

"Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni!"

"Ẹ jókòó, Ọ̀gá Horibe," Kajiura wí. "Níbo ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà?"

"Lórí ìṣó, lẹ́yìn àga mi."

Mo rẹ́rìn-ín láìmọ̀. Gbogbo wa la máa ń mú un. Èmi náà máa ń mú un tí mo bá fẹ́ nu inú ẹ̀.

Ló bá kọjú sí Dobashi. "Nọ́ńbà keje tó wà lára ayédèrú yìí, òǹtẹ̀ ta ló lù ú?"

"Tèmi ni. Ara ògiri ló wà. Ìyá tó ń ta ẹja lẹ́nu ọ̀nà gan-an lè mú un."

"Wọ́n ní ìwọ àti ọmọ yìí ò lè jẹun nínú abọ́ kan."

"Ó ní kí n máa wo tẹmómítà!" Iṣan ọrùn Dobashi yọ. "Èmi! Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń wo àwọ̀ iná! Mo mọ ìgbà tí irin jinná bí mo ṣe mọ ojú ìyàwó mi!"

"Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, o kúrò níbi iṣẹ́ láago méjì. Níbo lo lọ?"

"Dókítà eyín."

"Ya ẹnu."

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní kó o ya ẹnu ẹ."

Ó ya á. Kajiura yọjú sí i bí ẹni ń wo inú kànga. "Dókítà eyín kankan ò dé ibí yìí láti ìgbà tí mo ti wà nílé ìwé." Àwọn kan rẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ẹ̀mejì lo ti na ọwọ́ sí ife tíì lójú mi, ẹ̀ẹ̀mejì lo gbá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mú. Dókítà ojú lo lọ rí, Dobashi."

Dobashi wo ilẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ti kéré. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ìyàwó mi. Ojú náà ti ń ṣú. Mi ò rí àwọ̀ iná dáadáa mọ́ láti ìgbà òtútù tó kọjá."

Àánú ẹ̀ ṣe mí, ẹ jẹ́ kí n sòótọ́. Mo yí ojú sí Sayoko, mo rò pé ó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Òǹtẹ̀ yìí gún régé," Kajiura ń bá ọ̀rọ̀ lọ bí ẹni pé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ já èèyàn sí ìhòòhò. "Wọ́n lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò yẹ̀ rárá. Ẹni tí kò rí ife tíì ò lè lù ú báyìí. Kì í ṣe ìwọ."

Ó dìde, ó ń tiro káàkiri. "Ẹ gbọ́. Olè tó fẹ́ ta ọ̀bẹ, èyí tó dáa ló máa fi rọ́pò ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má fura. Ẹni tiyín yìí mọ̀ọ́mọ̀ fi èyí tó máa dójú ti ọmọ yìí lójú àwọn àgbà rọ́pò ẹ̀. Kò fẹ́ jẹ èrè kankan lórí ọ̀bẹ. Ó kàn fẹ́ kí ọ̀bẹ náà kú ni. Níbo lẹ ti wá a?"

"Gbogbo àpótí pàǹtí irin la dà sílẹ̀," Ọ̀gá Horibe wí.

Obìnrin yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́. "Pàǹtí! Ní Seki! Ẹ̀yin fúnra yín, Ọ̀gá Horibe, ṣé ẹ lè ju ọ̀bẹ tí ẹnu ẹ̀ ṣì mú sínú pàǹtí?"

Ọ̀gá Horibe mi orí. "Kódà kí n jẹ́ olè, mi ò lè ṣe é."

"Ẹ̀hẹ́n. Ẹ wọ bàtà yín."

Mo mọ ibi tó ń lọ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Àwa níbí, a kì í da ọ̀bẹ nù. Àpótí ńlá kan wà nílé àdúrà tó wà lókè odò, ibẹ̀ la máa ń kó èyí tó bá ti gbó sí. Tó bá di ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá, àlùfáà á gbàdúrà fún wọn, á dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, á sìnkú wọn tẹ̀yẹ-tẹ̀yẹ. Ìyá ọkọ mi tó lé mi jáde lẹ́ẹ̀mejì, kò lé ọ̀bẹ jáde rí láyé ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọjọ́ náà. Tí wọ́n bá ti kó àpótí yẹn lọ, ó tán nìyẹn.

Àwa márùn-ún la lọ: Kajiura, Ọ̀gá Horibe, Sayoko, Bàbá Kihachi tó ní òun fẹ́ na ẹsẹ̀, àti èmi tí wọ́n gbé báàgì lé lọ́wọ́. Àlùfáà bínú o, ó ní a ń da òkú láàmú. Kajiura fi káàdì ẹ̀ hàn án, wọ́n bá da àpótí sórí ẹní.

Ọ̀bẹ ìdáná, ọ̀bẹ ẹja, sísọ́ọ̀sì aránṣọ, gbogbo ẹ̀ ti dípẹtà. Wọ́n fi téèpù wé òmíràn, wọ́n fi bébà ìròyìn tó ń rùn ẹja wé òmíràn. Àfi ẹyọ kan. Bébà funfun tó mọ́ tónítóní ni wọ́n fi wé e, wọ́n ká a ní mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n fi okùn dì í bí ẹ̀bùn ọdún. Kajiura tú u. Nọ́ńbà keje!

Sayoko jókòó sórí ẹní láàárín ìpẹtà.

"Má fọwọ́ kàn án." Kajiura gbóòórùn ẹ̀. "Òróró igi tsubaki tí àwọn ọlọ́bẹ ń lò. Ta ló fi òróró pa á?"

"Kì í ṣe èmi," Sayoko wí. "Irin yìí kì í dípẹtà. A kì í fi òróró pa á."

"Nígbà náà, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ti mọ́ ọn lára ni. Ẹni tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹ̀ á ti ṣe é kí orí ẹ̀ tó rántí."

"Gbogbo Seki nìyẹn!" Ọ̀gá Horibe kígbe. "Èmi náà ń pa ọ̀bẹ lóróró!"

Kajiura ò dá a lóhùn. Ó gbé ọ̀bẹ sókè sójú oòrùn. Lẹ́bàá ẹnu ẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń dán, bí ibi tí wọ́n ti fi nǹkan ra á, ra á, tí kò wọlé. "Wọ́n gbé e sórí òkúta ìpọ́nbẹ. Òkúta ò rí i jẹ."

"Kò lè jẹ ẹ́," Sayoko wí. "Àwo dáyámọ́ǹdì mi nìkan ló ń pọ́n ọn. Tẹ́ ẹ bá gbé e sórí òkúta, òun ló máa jẹ òkúta."

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹnu yìí! Mo pàtẹ́wọ́. "Áà! Abájọ tí gọ́tà mi fi dí láàárọ̀ Túsìdé! Ẹrẹ̀ tó kún inú ọpọ́n, ó pupa rúsúrúsú bí ẹyin, kò sí dúdú kankan níbẹ̀, mo ní kí ni wọ́n pọ́n tó kàn..."

Mo gbé ọwọ́ bo ẹnu. Ó ti bọ́.

Kó lè yé yín: tí wọ́n bá ń pọ́n ọ̀bẹ, omi orí òkúta máa ń dúdú. Irin tó ń jẹ kúrò ló ń dúdú yẹn. Tó bá pupa lásán, òkúta nìkan ló ń jẹ. Gbogbo ẹni tó dúró níbẹ̀ ló mọ èyí. Wọ́n sì mọ̀ pé ọpọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni mo máa ń dà nù.

"Ọpọ́n ta ni, Mitsuyo?" Ohùn Kajiura ò le rárá, ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

Mo wo ilẹ̀.

"Má ni ọmọ ọlọ́mọ lára," Bàbá Kihachi wí. "Ọpọ́n mi ni."

Ọ̀gá Horibe ní, "Bàbá, ẹ dákẹ́!"

"Kí n dákẹ́ ṣe kí ni? Èmi ni mo pàrọ̀ ẹ̀, èmi ni mo lu òǹtẹ̀ sí ayédèrú." Kò wo ẹnikẹ́ni, ọ̀bẹ ló ń wò. "Mo gbé e lé òkúta tí bàbá bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Wákàtí mẹ́rin. Mo ní tó bá lè gbà fún òkúta yìí pẹ́nrẹ́n, màá dá a padà sí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹnikẹ́ni ò ní í mọ̀. Kò gbà. Òkúta mi ló ń ṣòfò. Tí ayé bá lọ gba irin yìí, ta ló tún máa gbé ọ̀bẹ wá sọ́dọ̀ àwa tó ń pọ́n ọn?"

"Ẹ ń kí mi láràárọ̀," Sayoko wí.

"Mo ń kí ẹ."

"Wọ́n ń pè mí lólè, ẹ̀yin ń kí mi, ẹ ń bi mí bóyá mo sùn dáadáa."

Aago méjì ti kọjá. Ọ̀gá Horibe sún mọ́ Sayoko, ohùn ẹ̀ ti di oyin lójijì. "Sayoko, ọmọ dáadáa. Ẹ jẹ́ ká ní àṣìṣe ni, àwọn ọ̀bẹ pàrọ̀ ara wọn. Lọ́dún tó ń bọ̀, a máa yọ́ irin míì fún ẹ."

"Aago mẹ́rin ni wọ́n máa fọwọ́ sí èsì òní." Sayoko dìde, ó gbọn ìpẹtà kúrò lára aṣọ. "Kí Bàbá pọ́n ọn. Àwo dáyámọ́ǹdì mi ni kí wọ́n fi pọ́n ọn, níwájú gbogbo àgbà."

"Ìwà ìkà nìyẹn!" Ọ̀gá Horibe wí.

"Ọ̀bẹ ẹ̀ ni," Kajiura wí. "Tí mo bá ti ya fọ́tò ẹ̀ tán, màá jókòó tì wọ́n."

Ẹ ò rí nǹkan! Bàbá Kihachi ti búra lójú gbogbo wa rí pé ọwọ́ òun ò ní í kan àwo dáyámọ́ǹdì láéláé. Nígbà tá a padà délé iṣẹ́, tí àwọn àgbà sì pé, ó jókòó, ó fi omi sí i, ó bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ó máa bà á jẹ́. Kò bà á jẹ́ o. Ọwọ́ yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ burúkú. Ìdajì wákàtí ló fi pọ́n ọn, imú Kajiura nìkan ló ń dún.

Wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ. Ogójì kọjá. Igba. Nígbà tó kọjá irinwó, Dobashi gbé ojú sún mọ́ nọ́ńbà títí imú ẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó wọ ẹgbẹ̀rún. Ó gé ẹgbẹ̀rún kan àti igba kó tó ṣíwọ́. Olórí àwọn àgbà ya bébà tó ti kọ sílẹ̀, ó kọ òmíràn, wọ́n fọwọ́ sí i ku ìṣẹ́jú mẹ́fà kí aago mẹ́rin lù.

Bàbá Kihachi fi ìka kan ẹnu ọ̀bẹ náà. "Ó dáa," ló wí. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ síwájú Sayoko, ó fi iwájú orí kanlẹ̀. Àgbà ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin o. Gbogbo wa ń wo Sayoko. Ọ̀rọ̀ kékeré kan là ń retí: ó ti tán, Bàbá, ẹ dìde. Mo ti ń sunkún sílẹ̀.

Sayoko mú kóòtù ẹ̀. "Ọ̀gá Ọlọ́pàá, níbo ni mo ti máa fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn?"

"Ṣé o ò láàánú ni?" Ọ̀gá Horibe fi ọwọ́ lu tábìlì. "Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin! Ọdún mélòó ló kù fún un?"

"Èmi ńkọ́?" Sayoko ò gbé ohùn sókè. "Tí ẹ bá lé mi lónìí bí olè, ọdún mélòó ni mo máa fi jẹ́ olè?"

Ó fọwọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ kejì nìyí. Wọ́n ń yọ́ irin ẹ̀ báyìí, ilé iṣẹ́ ń fi ṣe fáàrí káàkiri, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń jókòó tì í tó bá ń jẹun. Èmi náà, ìyá tó ń ta ẹja ò dá mi lóhùn mọ́, ó ní ẹnu mi ti sin àgbà. Ilé Bàbá Kihachi, wọ́n ti fa aṣọ fèrèsé, ilé ẹjọ́ ò tíì pè é. Ọkọ mi ní ó yẹ kí Sayoko dárí jì í. Mo ní, ta ló tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun nígbà tí gbogbo wa ń pè é lólè? Èmi náà wà lára wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ mi yìí, ẹ sọ òótọ́ ọkàn yín fún mi o. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Sayoko, tí irú àgbà bẹ́ẹ̀ dojú bolẹ̀ síwájú yín, tí gbogbo ìlú ń wo ẹnu yín, kí lẹ̀ bá ṣe?